Postinor lẹ́ẹ̀mẹrin láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: kí ló ń ba ilé ọmọ jẹ́ gan-an?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ẹni ọdún 28 ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Ọmọ méjì ni mo bí. Èyí àbúrò pé oṣù méje lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣì ń mu ọyàn, a sì ti ń fún un ní ògì. Nǹkan oṣù mi kò tíì padà láti ìgbà tí mo ti bí i. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, mo ti lo Postinor, oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má bàa dúró, lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi fàáké kọ́rí. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ yẹn ló ba ilé ọmọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jẹ́, pé láti ìgbà tó ti gbà á, kò gbúròó oyún mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jà ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé bí oyún bá wọlé, kí n po káún mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí kí n lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta oògùn, pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, oyún ṣíṣẹ́ ni Postinor náà. Ó tún ní ìjọba Èkó ti fọwọ́ sí i. Èwo ni òótọ́ níbẹ̀? Kí ni kí n ṣe? Èmi ni Ìyá Àyọ̀."

Ìyá Àyọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín sí, ẹ̀rù méjì ló ń bà yín: ẹ kò fẹ́ lóyún báyìí, ẹ kò sì fẹ́ kí ohun tí ẹ bá lò báyìí gba ọmọ ọ̀la lọ́wọ́ yín. Àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn ti da nǹkan mẹ́ta pọ̀ bí ẹni da gàrí mọ́ èlùbọ́: ohun tí kì í jẹ́ kí oyún dúró, ohun tó ń yọ oyún tó ti dúró, àti ohun tó ń ba ilé ọmọ jẹ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àmọ́ kí n tó máa yà wọ́n, nǹkan kan wà nínú lẹ́tà yín tí kò ṣeé dá dúró dọ̀la.

Ẹ ní nǹkan oṣù yín kò tíì padà, ó sì jọ pé ìyẹn ń fi yín lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Kí ó má fi yín lọ́kàn balẹ̀ o. Ọyàn máa ń dáàbò bo ìyá lọ́wọ́ oyún lóòótọ́, bí nǹkan mẹ́ta bá pé: kí ọmọ má tíì pé oṣù mẹ́fà, kí ó jẹ́ ọyàn nìkan ló ń mu tọ̀sán-tòru láìsí omi tàbí ògì, kí nǹkan oṣù má sì tíì yọjú. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, bí obìnrin méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ló máa lóyún láàrin oṣù mẹ́fà yẹn. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀, ààbò náà ti lọ nìyẹn. Tiyín, méjì ti yẹ̀. Ẹyin ló máa ń kọ́kọ́ jáde, bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan oṣù máa ń tẹ̀ lé e. Obìnrin lè ti ara ìbímọ kan bọ́ sínú oyún mìíràn láìrí ẹ̀jẹ̀ kankan láàárín wọn.

Nítorí náà, lónìí, ẹ ra ìwé tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò, èyí tí gbogbo kẹ́míìsì ń pè ní PT. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá tọ̀ láàárọ̀ ni kí ẹ lò, torí òun ló ki jù. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ tí ọfà wà bọ ìtọ̀, kí ìtọ̀ má kọjá ilà tí wọ́n fà sára rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ kà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ilà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ má kà á sí. Bí ilà bá jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ kò tíì parí, torí pé oyún tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ tí ẹ bá ọkọ yín sùn kẹ́yìn lè má tíì hàn. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn, ẹ ka ọjọ́ 21 sí i, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Ó di ọ̀rọ̀ Postinor. Kì í ṣe oògùn oyún ṣíṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí inú àlàyé yẹn náà ni ẹ ti máa rí ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ gbára lé e. Levonorgestrel ni orúkọ oògùn tó wà nínú rẹ̀. Hóró méjì ló wà nínú páálí Postinor-2, 0.75 mg ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì lè gbé méjèèjì mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń dá ẹyin obìnrin dúró kó má tíì jáde. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún bí ọjọ́ márùn-ún. Bí ẹyin kò bá jáde láàrin àkókò yẹn, àtọ̀ á kú, kò sí oyún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a lò ó láàrin wákàtí 72, bó bá sì ṣe ń pẹ́ sí ni agbára rẹ̀ ń dín kù sí. Bí ẹyin bá ti fẹ́ jáde tán tàbí tó ti jáde, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Bí oyún bá sì ti dúró kí ẹ tó lò ó, kò lè yọ ọ́, kò sì ní ṣe ọmọ inú ní nǹkan. Ẹni tó bá bì láàrin wákàtí méjì tó gbé e mì ní láti tún un lò.

Ibi tó ti ń já ọ̀pọ̀ obìnrin kulẹ̀ rèé: ìbálòpọ̀ tó ti kọjá nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ẹ bá lò ó ní ọjọ́ Ajé, tí ẹ tún bá ọkọ yín sùn ní Ọjọ́bọ̀, kò sí ààbò kankan fún ti Ọjọ́bọ̀. Kódà, ewu ti Ọjọ́bọ̀ lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹyin tí oògùn dá dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ lè jẹ́ ìgbà yẹn gan-an ló máa jáde. Ẹni tó ń lò ó léraléra, tó wá lóyún, á ní Postinor òun ni wọ́n ṣe ayédèrú rẹ̀. Ayédèrú wà lọ́jà, a kò jiyàn, ṣùgbọ́n gidi náà kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti ẹ̀ẹ̀mẹrin tí ẹ ti lò ó, kò ba ilé ọmọ yín jẹ́, kò sì ba omi ọyàn jẹ́ fún ọmọ. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa kán, kí orí máa fọ́ yín, kí èébì máa gbé yín, kí nǹkan oṣù ṣe ségesège nígbà tó bá dé. Owó yín ló kàn ń jẹ, láìfún yín ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ má fi ojú aláìmọ̀kan wo ìyá ọkọ yín. Ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń sọ: obìnrin gba abẹ́rẹ́, ó dáwọ́ ẹ̀ dúró, oyún kò tètè dé. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí pẹ̀lú abẹ́rẹ́, nínú gbogbo ọ̀nà tí kì í ṣe ti títí láé, òun nìkan ló ń pẹ́ báyìí. Ẹ̀bi tó wà ńbẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ ìlera ló ni ín, torí a máa ń gún obìnrin ní abẹ́rẹ́ láìsọ èyí fún un. Depo-Provera tí gbogbo èèyàn ń pè ní Depo, 150 mg ni wọ́n ń gún sínú ẹran apá tàbí ìdí, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Omi funfun ni, tó ń rọ̀ sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mì í dáadáa títí ó fi máa dàbí wàrà kó tó fà á. Bí wọ́n bá gún un tán, ẹ má fọwọ́ ra ojú ibẹ̀, torí ríra máa ń mú kí oògùn tètè wọ ẹ̀jẹ̀, kó sì tètè tán. Inú ẹran ló máa ń bá sí, bí epo tó rin aṣọ, a fọ̀ ọ́, kò tán, a tún fọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó lè fà á jáde, kò sì sí ẹni tó lè ṣírò ọjọ́ tó máa tán pátá lára obìnrin kan pàtó. Bí a bá kó obìnrin jọ, tí a ka iye ìgbà tó gba oríṣiríṣi wọn kí wọ́n tó lóyún, bí oṣù mẹ́wàá ni, láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó dá Depo dúró torí pé wọ́n fẹ́ lóyún, tí wọ́n sì padà lóyún, bí 83 ló ti máa lóyún kí oṣù 15 tó pé, bí 93 kí oṣù 18 tó pé. Ilé ọmọ wọn kò bàjẹ́, ó kàn pẹ́ ni. Àmọ́ fún obìnrin tí wọ́n ń wo ikùn rẹ̀ láràárọ̀, oṣù mẹ́wàá kì í ṣe kékeré.

Ohun kejì tó ń dẹ́rù ba àwọn àgbà ni pé nǹkan oṣù máa ń dáwọ́ dúró lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ń gbárajọ sínú, ló ń di kókó. Ẹ wò ó báyìí: loṣooṣù ni ilé ọmọ ń tẹ́ ẹní de àlejò. Bí àlejò kò bá wá, á ká ẹní náà nílẹ̀, kíká rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń rí. Oògùn inú abẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kó tẹ́ ẹní yẹn kó nípọn. Ẹní tí a kò tẹ́, kí ni a fẹ́ ká? Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó ń dúró sí ibì kan. Ohun tó ń dààmú obìnrin ju ìdádúró lọ ni àwọn oṣù àkọ́kọ́, tí ẹ̀jẹ̀ á máa kán lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ tí èèyàn kò retí. Kò léwu bí kò bá pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dí ìrun àti ààwẹ̀ lọ́wọ́ fún àwọn Mùsùlùmí, ó sì ń bí ọkọ nínú. Ó yẹ kí obìnrin gbọ́ èyí kó tó na apá.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ìyá ọkọ yín sọ̀rọ̀, ibi tí mo máa ní kí ẹ gbà wọlé ni ayé ìgbà tiwọn. Àwọn ìyá wọn kì í bí ọmọ lé ọmọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ já lẹ́nu ọyàn kí ìyá tó padà sọ́dọ̀ ọkọ, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ń fi ojú ẹ̀gàn wo obìnrin tó lóyún nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì rìn. Ìfètòsọ́mọbíbí nìyẹn, orúkọ ni kò ní. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà ní kí ó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí oyún mìíràn tó wọlé. Ibi tí àwọn méjèèjì dé bára wọn mu. Ohun tó yí padà ni pé yàrá kan náà ni ẹ̀yin àti ọkọ yín ń sùn.

Kí ló wá ń ba ilé ọmọ jẹ́? Àrùn ni, àti irin. Àtọ̀sí àti chlamydia, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, tí a kò tọ́jú máa ń gun ẹnu ilé ọmọ lọ sínú túùbù tí ẹyin ń gbà kọjá, wọ́n á fi àpá síbẹ̀, àpá á dí i. Obìnrin mìíràn kì í tiẹ̀ ní ìrora kankan tó máa fura sí. Irin ni ti ẹni tó lọ ṣẹ́yún lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Ilé ọmọ tó ní oyún máa ń rọ̀, ohun mímú lè gún un lu ní ìṣẹ́jú kan, kó tún kan ìfun. Bí wọ́n bá fi ohun mímú gé e jù, ògiri rẹ̀ lè lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, ó máa ń rà, àrùn á wọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó bọ́ nínú ikú níbẹ̀ ni wọ́n máa ń padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé àwọn kò rọ́mọ bí, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba abẹ́rẹ́ rí láàárín kan, abẹ́rẹ́ ni gbogbo ilé máa di ẹ̀bi rù. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ yín o. Mo kàn ń sọ ìdí tí abẹ́rẹ́ fi máa ń jẹ gbèsè tí kò dá ni.

Káún àti ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Bí ẹ bá da omi ọsàn sórí káún, ẹ ó rí i pé ó ń hó yẹ́yẹ́, híhó yẹn ló sì ń jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé agbára ńlá ló ní. Òdì-kejì ara wọn ni méjèèjì, ọ̀kan kan, èkejì ń pa kíkan. Wọ́n ń pa ara wọn ni, afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó ń dé ilé ọmọ. Bí káún bá pọ̀ jù, ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn ló ń bó, kíndìnrín ló ń dà láàmú. Iyọ̀ tí wọ́n ń pò lápòjù burú jù ú lọ, ó lè fa gìrì, ó lè pààyàn.

Ọkùnrin tó ń ta oògùn yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ misoprostol ló ń tà. Oògùn náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé. Láti 2006 ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà fún dídá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, àwọn dókítà sì ń lò ó láti palẹ̀ ilé ọmọ mọ́ bí oyún bá bàjẹ́. Níbi tí òfin bá gbà á, tí ẹni tó mọṣẹ́ wà nídìí ẹ̀, WHO ka ìṣẹ́yún pẹ̀lú oògùn sí ohun tí kò léwu púpọ̀. Ewu rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lábẹ́ tábìlì. Kò mọ̀ bóyá oyún náà ti pé ọ̀sẹ̀ mélòó. Kò mọ̀ bóyá inú túùbù ló wà, èyí tí oògùn náà kò lè yọ, tó lè bẹ́, kó pa obìnrin níbi tó ti ń dúró de ìgbà tí oògùn máa ṣiṣẹ́. Kò mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ ní aago méjì òru. N kò ní kọ iye hóró kankan síbí, torí kò sí ẹni tó lè fi lẹ́tà mọ gbogbo ohun wọ̀nyẹn nípa yín.

Ní ti Èkó, apá kan ni ọ̀rẹ́ yín gbọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ló ṣì wà nílẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣẹ́yún fún obìnrin, ọdún méje fún obìnrin náà, ọdún mẹ́ta fún ẹni tó bá kó oògùn tàbí irinṣẹ́ fún un nígbà tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí ni pé kí dókítà ṣe é láti gba ẹ̀mí ìyá là. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, ó fi ìlera ara ìyá kún ẹ̀mí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2022, iléeṣẹ́ ìlera níbẹ̀ gbé ìwé ìlànà jáde fún àwọn dókítà, láti ṣàlàyé ìgbà tí ilẹ̀kùn yẹn ṣí sílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe lè ṣe é láìséwu. Ìwé yẹn kò yí òfin padà. Àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn mìíràn fárí gá, nígbà tó fi máa di oṣù keje, Gómìnà Sanwo-Olu ti ní kí wọ́n dá a dúró ná. Nítorí náà, kò sí àṣẹ tí ẹ máa gba Èkó lọ bá.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló yí òfin padà ní tòótọ́. Ní oṣù kẹwàá 2021, ilé aṣòfin wọn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dìbò pé obìnrin lè ṣẹ́yún títí dé ọ̀sẹ̀ 12 bí oyún náà bá máa kó ìnira bá owó, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ọkàn rẹ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ta kò ó gidigidi. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ àti èyí tó wà ní Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, tí wọ́n jọ ń ná ọjà, abẹ́ òfin méjì tí kò jọra ni wọ́n wà báyìí. N kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nínú àríyànjiyàn yìí. Ẹni tó ní ẹ̀mí ni oyún ń sọ ohun tó gbà gbọ́, ẹni tó ń ka iye obìnrin tó ń kú náà ń ka ohun tó rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kórìíra ìṣẹ́yún, tó tún dábùú ọ̀nà kí obìnrin má gba ìfètòsọ́mọbíbí, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń wó ilé tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń kọ́.

Ohun kan wà tí òfin kankan kò kọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ yín náà. Obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, ìbáà wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kàn án, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ilé ìwòsàn tọ́jú rẹ̀. Bí pádì méjì bá ń rin gbingbin láàrin wákàtí kan, fún wákàtí méjì léra, bí ibà bá mú un, bí nǹkan tó ń rùn bá ń jáde, bí ìrora bá gun èjìká tàbí tó ń dákú, kí wọ́n má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ó sọ òtítọ́ ohun tó lò fún dókítà, torí ìtọ́jú yàtọ̀. Ẹyin lè jáde láàrin ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, nítorí náà ọjọ́ yẹn gan-an ni kó ti gba ìfètòsọ́mọbíbí, kì í ṣe ìgbà tó bá rí nǹkan oṣù.

Kí ni mo máa yàn bí mo bá wà nípò yín? Èyí tí wọ́n ń kì sábẹ́ awọ apá tí wọ́n ń pè ní implant, tàbí kọ́ìlì tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Jadelle jẹ́ igi rọ́bà méjì, ọdún márùn-ún ni. Implanon jẹ́ ẹyọ kan, bí igi ìṣáná kan ni gígùn rẹ̀ ṣe mọ, ọdún mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún. Wọ́n á fún ojú ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn yín, inú apá tí ẹ kì í fi kọ̀wé, lókè ìgúnpá, á wọlé kí ẹ tó mọ̀. Kì í rìn lọ sí ọkàn. Bí wọ́n bá kì í dáadáa, ìka yín á máa kàn án lábẹ́ awọ. Ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó kúrò níwájú nọ́ọ̀sì. Èyí tí wọ́n bá kì wọ inú ẹran jù ló ń fa wàhálà nígbà yíyọ. Ọjọ́ tí ẹ bá yọ ọ́, àárín ọjọ́ díẹ̀, oògùn ti tán lára yín, kò sí ìdúró oṣù mẹ́wàá. Àléébù rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe ségesège, òun ni ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe ń padà wá yọ ọ́. Ẹni tó ń lo rifampicin fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, tàbí àwọn oògùn wárápá kan, kó sọ ọ́, torí wọ́n ń jẹ agbára rẹ̀. Kọ́ìlì oní-kọ́pà kò ní oògùn kankan nínú, ó lè lo tó ọdún 12, wọ́n sì lè fi rọ́pò Postinor bí ẹ bá dé láàrin ọjọ́ márùn-ún. Ó máa ń mú kí nǹkan oṣù pọ̀ sí i, kí inú rírun le sí i, pàápàá ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, tàbí tó ní àrùn lójú ara lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn. Bí ọkọ yín bá ní okùn rẹ̀ ń gún òun, wọ́n lè gé e kúrú.

Abẹ́rẹ́ kò burú bí ẹ kò bá kánjú bímọ láàrin ọdún méjì. Ànfààní rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè rí i lára yín. Hóró ojoojúmọ́ dára fún ẹni tí kì í gbàgbé. Èyí tó ní oògùn méjì nínú, ọmọ yín ti kọjá oṣù mẹ́fà, ẹ lè lò ó, bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín kò bá tó 140/90. Kọ́ńdọ̀mù nìkan ló ń dènà àrùn. Ẹ má fi òrí, fasilíìnì tàbí òróró kùn ún, á bẹ́ ni.

Ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹ lọ. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ọ̀fẹ́ ni ohun èlò ìfètòsọ́mọbíbí, ṣùgbọ́n wọ́n lè ní kí ẹ ra ìbọ̀wọ́ àti òwú. Òfin kò béèrè ìwé àṣẹ ọkọ. Ẹ mú PT tí ẹ ṣe dání, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ bá ọkọ yín sùn kẹ́yìn àti ọjọ́ Postinor mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ilà bá jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n lè fún yín ní abẹ́rẹ́ tàbí implant lọ́jọ́ náà, kí ẹ padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí oyún kékeré kan bá ti wà níbẹ̀ tí kò hàn, a kò mọ̀ pé ó ń pa ọmọ lára. Kọ́ìlì ni kò gbọ́dọ̀ wọlé láìdá yín lójú. Bí ilà bá jẹ́ méjì, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aláboyún, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá yín wò ní kíákíá, torí ara yín kò tíì sinmi. Ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọyàn. Omi ọyàn aláboyún kì í ṣe oró. Bí àìsàn kan bá wà tó mú kí oyún náà léwu fún ẹ̀mí yín, dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn ńlá ló lè sọ ọ́, iwájú rẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ náà ti wáyé.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ló ṣẹ́ kù. Ẹ bi í, kí ìyá ọkọ yín ó wà níbẹ̀, ọjọ́ wo ló gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Bí kò bá tíì tó oṣù 18, kó ní sùúrù. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ, nítorí bí ìdajì ìgbà tí ọmọ kò dé, ọwọ́ ọkùnrin wà ńbẹ̀. Àyẹ̀wò àtọ̀ ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, kò sì gun ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Kí ọkọ má sún mọ́ obìnrin fún ọjọ́ méjì ó kéré jù, kó má ju ọjọ́ méje lọ. Kí wọ́n má fi kọ́ńdọ̀mù gbà á, torí oògùn ara rẹ̀ ń pa àtọ̀. Inú ike tí ilé àyẹ̀wò bá fún un ni kó gbà á sí, kó fi sí abẹ́ aṣọ kó má tutù, kó sì gbé e débẹ̀ kí wákàtí kan tó pé.